Ìgò Tí Wọ́n Sin Sídìí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òkèlúsè

Ọmọ ọmọ mi kan bi mí lọ́jọ́sí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe títí ìjọba fi ní kí ẹ lọ sinmi?" Mo ní mo ń gé ẹran. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé alápatà ni mí. Ká ní ọ̀gá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, á bá mi jà, torí kò fẹ́ ká pe ohun tó bá ti ara èèyàn jáde ní ẹran. Ó ní ẹni tó ni ín wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí èsì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan lẹ mọ̀ nílé ìwòsàn. Ẹ kò mọ àwa. Bí dókítà bá la ikùn èèyàn, tó rí ohun tí kò dá a lójú, tó gé díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní láàbù ni ègé yẹn ń bọ̀. Láti tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, ni wọ́n ti máa ń rì í sínú ìgò fọ́málìn, omi olóòórùn kan tó máa ń ta èèyàn lójú, kó má bàa jẹrà. A ó fa omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó da ìda yíyọ́ bò ó títí tí yóò fi dì, a ó wá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. A ó pa á láró, a ó tẹ́ ẹ sórí dígí pẹlẹbẹ tí à ń pè ní síláìdì, kí dókítà lè wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí a bá ṣe é dáadáa, ègé yẹn á sọ ohun tó ń ṣe olúwa rẹ̀. Bí a bá bà á jẹ́, ó bà jẹ́ nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó máa tìtorí tèmi tún ikùn èèyàn là lẹ́ẹ̀kejì.

Ní 1984 ni mo wọ iṣẹ́ náà ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ Iyere ni mí. Bàbá mi tó jẹ́ kátíkíìsì fẹ́ kí n ṣe tíṣà, èmi ò fẹ́ ariwo ọmọdé. Wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, mo sì ti ń bá ìyá mi ránṣọ láti kékeré. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ó tó ra gààrí, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká lọ síwájú.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Ògúnbọ̀dé. Ará apá Ìkìrun ni, Yorùbá inú ìwé la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí àwa ọmọ ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ èdè wa lójú rẹ̀, á ní ká jọ̀ọ́, ká má ta òun sọ́jà. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo. Kó ṣáà wò ọ́ láti òkè dígí ojú rẹ̀, o ti mọ̀ pé o ṣẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi pọ́n ọ̀bẹ kó tó jẹ́ kí n gé ohunkóhun. Ọ̀bẹ náà gùn, ó sì wúwo. A ó fi òróró sí òkúta, a ó pọ́n ọ̀bẹ lé e lórí, lẹ́yìn náà a ó máa fà á lórí awọ. Ọ̀gá á wá fa irun kan tu ní orí mi, á fi kan ẹnu ọ̀bẹ. Bí irun náà kò bá já lójú ẹsẹ̀, mo tún padà sórí òkúta nìyẹn. Mo sunkún lórí òkúta yẹn. Ní oṣù kẹrin, mo sọ fún un pé irun orí mi á tán kí ọ̀bẹ yìí tó mú.

Ó ní, "Irun á hù padà, Bọ́sẹ̀. Ègé tí o bá fi ọ̀bẹ tí kò mú fà ya kò ní so padà."

Òwe kan ṣoṣo ló máa ń pa, á sì pa á lójoojúmọ́: ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Mo kórìíra òwe náà nígbà yẹn. Èmi ni mo ń pa á fún àwọn ọmọ mi báyìí.

Òfin méjì ló ní tí kì í fi ṣeré. Èkíní, kí o tó gé ègé kankan, kí o fi ẹnu rẹ pe orúkọ ẹni tó ni ín, kí ọkàn rẹ má bàa rìn lọ síbòmíràn. Èkejì ló le fún mi. Nígbà yẹn, àwọn ará ilé aláìsàn ló máa ń gbé ìgò láti tíátà wá fún wa. Ọ̀gá ní bí ẹnikẹ́ni bá yọjú pẹ̀lú ìgò, bó ti wù kó dàgbà tó, gba ìgò ná. Gbà á, kọ orúkọ sínú ìwé, gbé e sórí pẹpẹ, nígbà náà lo wá lè kí i.

Ẹ wo irú òfin yẹn. Wọ́n tọ́ mi ní Iyere pé ọmọbìnrin tó bá rí àgbà tí kò kúnlẹ̀, ilé ni kò ti gba ẹ̀kọ́. Mo gbà pé òfin àjèjì ni. Bí ọ̀gá bá wà nítòsí, mo ń pa á mọ́. Bó bá ti kọjá sẹ́yìn ilé, mo ń kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá mi ná.

Ó tó ọdún keje kí ìkúnlẹ̀ yẹn tó kó bá mi.

Tíṣà kan wà ní Òkèlúsè tó ń jẹ́ Yẹmisí. Ọkọ rẹ̀, Dáre, ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti fẹ́ra, kò sí ọmọ. Ìyẹn nìkan sì kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, inú á máa run ún débi pé orí ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé ìwé ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á sì mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kò sí ìṣirò. Àwọn àbúrò bàbá Dáre ní ó ti ṣẹ́yún nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé ọmọ jẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí ẹbí máa jókòó, kí wọ́n lè dá a padà sílé bàbá rẹ̀.

Dókítà wa là á ní ọjọ́ Tuesday kan. Ó bá ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ti pẹ́ tó di àpò sára ilé ẹyin rẹ̀, ó bá àmì dúdú dúdú káàkiri, ìfun sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé ọmọ. Ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀ kí a lè bá òun wò ó, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni kó tó kọ oògùn.

Ìyá ọkọ ló gbé ìgò náà wá, Màmá Dáre. Ó dàgbà tó ìyá mi. Ó fi ìborùn wé ìgò náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Ọ̀gá kò sí nílé. Mo kúnlẹ̀. Mo béèrè ìlú wọn, ó ní Òkèlúsè. Mo ní àǹtí mi kan wà nílé ọkọ níbẹ̀, ó ní òun mọ̀ ọ́n, a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àǹtí mi, a sọ ọ́ dé orí ọmọ tó bí gbẹ̀yìn. Ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá fi èdè wa bi mí pé, "Ọma mi, bí ẹ bá ti wò ó tán, kí lẹ ń fi í ṣe?"

Mo ní, "A máa ń jó o ni, Màmá. Iná wà lẹ́yìn ọsibítù."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo sọ nǹkan kan. Ìda tí mo gbé kaná bẹ̀rẹ̀ sí í hó, mo ní kí wọ́n jókòó dè mí, mo sáré wọlé. Nígbà tí mo jáde, àga ti ṣófo. Mo rò pé ọ̀gá ló ti dé, tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Mi ò béèrè.

Ní ọjọ́ Thursday, dókítà ránṣẹ́ pé ibo la bá iṣẹ́ Yẹmisí dé. Ọ̀gá ṣí ìwé, kò rí orúkọ. Ó wò mí láti òkè dígí ojú rẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, ṣé o gba ìgò yẹn?"

"Mo kí wọn, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o kí wọn."

Kò bú mi. Ó ní kí n lọ bá Yẹmisí ní wọ́ọ̀dù fúnra mi, kí n sọ fún un pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ là á, mo ti sọ ọ́ nù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Yẹmisí kò sunkún. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó gbìyànjú láti jókòó. Ó ní, "Àǹtí, Sunday tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Mi ò ní ẹnì kankan tó máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bébà tí dókítà kọ nìkan ni mo fẹ́ mú dání. Ẹ bá mi wá a." Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Bí mo ṣe jáde ní wọ́ọ̀dù yẹn, mo ti pinnu pé mi ò ní padà síwájú ọ̀gá láìsí ìgò lọ́wọ́ mi.

Ní àárọ̀ Friday, mo wọ ọkọ̀ dé Ìfọ̀n, mo gun alùpùpù dé Òkèlúsè. Mo ti ń to èébú jọ fún ìyá náà lójú ọ̀nà. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Kò yà á lẹ́nu pé mo wá.

Ó ní, "O ní ẹ ó jó o. Ohun tó bá jáde lára ìyàwó ulé, ti iná kọ́. Bí a bá bímọ, ulé la ń sin ibi ọmọ sí. Yẹmisí kò tíì bá mi rí ìkankan sin. Èyí tó kọ́kọ́ jáde lára rẹ̀ nìyẹn, ni mo bá sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí àwọn tó kù lè mọ ọ̀nà ulé."

Gbogbo èébú tí mo tò ló tán lẹ́nu mi. Mo ti rò pé ọ̀tá Yẹmisí ni, ó gbé e pa mọ́ kí èsì má bàa jáde. Àṣé ọmọ ló ń bá a wá. Mo bi í bóyá ó da omi inú ìgò nù. Ó ní òun ò tiẹ̀ ṣí i, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí òun ṣí i. Ó kù díẹ̀ kí n jó níbẹ̀, torí bí fọ́málìn bá ṣì wà nínú rẹ̀, ègé náà kò tíì bà jẹ́.

Ṣùgbọ́n olórí ẹbí wọn, àgbà nínú àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, ti jáde sí wa. Ó ní ohun tí a bá ti fún ilẹ̀, a kì í gbà á padà. Màmá Dáre náà gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Mo kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe fún ìkíni. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo sọ pé a máa jó o, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo wá kó padà. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ. Díẹ̀ la máa gé wò. Èyí tó bá kù, èmi fúnra mi á kó o lé yín lọ́ghọ́, kí ẹ tún un sin. Bí mo bá purọ́, ẹ wá mi dé ilé bàbá mi ní Iyere."

Ó wò mí títí. Ó dìde, ó lọ mú ọkọ́. Olórí ẹbí ní kí ló fẹ́ fi ọkọ́ ṣe, ó ní òun ni òun sin ín, òun ni òun máa hú u. Ìgò náà jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Mo gbé e lé itan láti Òkèlúsè dé Ọ̀wọ̀, mi ò kí ẹnì kankan lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá gba ìgò, ó kọ orúkọ sínú ìwé. Mo sọ fún un nípa ìlérí tí mo ṣe. Ó ní ta ló fún mi láṣẹ. Mo ní kò sí, sà. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé o ti ṣèlérí, o ti ṣèlérí. Lọ pọ́n ọ̀bẹ."

Mo pọ́n ọ̀bẹ yẹn ní gbogbo Saturday. Nígbà tó fi máa di Tuesday, ègé ti wà nínú ìda. Mo pe Yẹmisí lórúkọ kí n tó gé e, mo sì gé e bí mi ò ṣe gé ohunkóhun rí. Bí a ṣe pa á láró tán, NEPA mú iná lọ. Máíkírósíkóòpù tuntun tí ìjọba kó fún wa kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ọ̀gá ní kí n lọ gbé ti àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì wá, èyí tó ní dígí kékeré nísàlẹ̀ tí a fi ń gba oòrùn. A gbé e sójú fèrèsé.

Ọ̀gá wò ó pẹ́. Ó ní kí n wá wò ó.

"Àwọn ihò róbótó yìí, awọ inú ilé ọmọ ló ni wọ́n. Ara ilé ẹyin ni dókítà ti gé e. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà.

"Ẹ̀ńdómẹtiriósíìsì ni wọ́n ń pè é. Bí èyí tó wà nínú ilé ọmọ bá ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, èyí náà á ṣẹ̀jẹ̀. Tinú ilé ọmọ rí ọ̀nà jáde, èyí kò rí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ara á rò pé egbò ni, á rán ọmọ ogun sí i. Àwọn nìyẹn, àwọn búlúù kéékèèké tó ṣùrù bo ibẹ̀. Àwọn ńlá tí inú wọn dà bí irin tó dógùn-ún, àwọn ló ti jẹ ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́. Ibi tí ọmọ ogun bá pọ̀ sí, ara á gbóná, á wú, á máa roni, ohun tó bá sì wà nítòsí á lẹ̀ mọ́ra." Ó rọra ti síláìdì síwájú. "Níbí yìí ńkọ́?"

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, sà. Wọ́n wẹ́, wọ́n sì pọ̀."

"Tuntun ni wọ́n. Bí ara bá gbóná báyẹn, á la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ kí egbò lè jinná. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe egbò. Ọ̀nà tí ara là láti fi tọ́jú rẹ̀, òun náà ló ń gbà jẹun. Bó bá jẹun á dàgbà, bó bá dàgbà á tún ṣẹ̀jẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn á sì tún pe ọmọ ogun mìíràn."

Mo bi í bóyá oyún ṣíṣẹ́ ló fà á. Ó ní àwọn ọmọbìnrin tí ọkùnrin kò tíì sún mọ́ rí ń ní in.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Àwa obìnrin fúnra wa la máa ń sọ fún ara wa pé bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin ṣe rí, pé bó o bá bímọ á lọ. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Àmọ́ ó wà lójú mi níbẹ̀, a ti pa á láró pupa àti búlúù.

Dókítà tó máa ń wá ka síláìdì wa ní Thursday wò ó, ó ní kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, ó kọ èsì, ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ yẹn náà ni Màmá Dáre wá kó èyí tó kù. Mo kó o lé e lọ́wọ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Mo ní kó wá wò ó kó tó lọ. Ọ̀gá fi àga sí i fún un.

Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ó ní, "Kí ló pupa bí ìtàkùn yìí?" Mo fi èdè wa ṣàlàyé gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ, láti orí ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà jáde dé orí ọ̀nà tí ara ń là. Ó ní kí ló máa ń ṣe ẹni tó bá ní in. Mo ní inú rírun lóṣooṣù, ẹ̀yìn dídùn, nígbà míì ọmọ kò ní dúró.

Ojú rẹ̀ ṣì wà lórí máíkírósíkóòpù nígbà tó sọ̀rọ̀. "Dáre nìkan ni mo bí, ọma mi. Láti ìgbà tí mo ti wà lómidan ni mo ti ń ká jọ sórí ẹní lóṣooṣù, títí nǹkan oṣù mi fi dá. Bàbá Dáre fẹ́ ẹlòmíì. Wọ́n ní mo ti jẹ àwọn tó kù nínú. Mo gbà wọ́n gbọ́."

Ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó gba ìgò, ó lọ.

Mi ò sí níbi ìpàdé ẹbí wọn, Yẹmisí ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun mú bébà òun dání, òun ò tíì ṣí i tí ìyá ọkọ òun fi dìde. Ìyá náà ní bí ẹbí bá máa lé Yẹmisí, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé, torí ohun kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì, òun sì ti fi ojú ara òun rí i. Olórí ẹbí ní kí ó jókòó. Kò jókòó. Wọ́n kò sì lé ẹnì kankan.

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìtàn yìí fún ló máa ń kọ́kọ́ bi mí bóyá Yẹmisí bímọ. Kò bí. Kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá inú ṣì ń run ún. Oògùn tí dókítà kọ mú kí ó dínkù gidi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lójoojúmọ́, ó sì di ọ̀gá ilé ìwé. Òun àti Dáre ṣì wà pọ̀.

Láàbù wa náà yí padà. Bíléèdì àlòdànù dé, èyí tí kò nílò òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa láti pólì kò mọ bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ mọ́, irun orí wọn sì pé. Ohun tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yí padà ni pé láti ìgbà yẹn, a kì í jó ohunkóhun láìbi ará ilé bóyá wọ́n fẹ́ kó o lọ.

Ní 1999, ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Èmi tún lo ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ohun tó kọ́ mi ni mo ń ṣe ní gbogbo ọdún náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, a ń fi òróró pa ọ̀bẹ àtijọ́ kí a lè tì í sínú àpótí rẹ̀, ni ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Màmá Dáre ni. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọmọbìnrin kan láti Àfò tí inú ń run lóṣooṣù, ìyá náà ló mú un wá, bó ṣe ti ń kó àwọn mìíràn wá láti ìgbà yẹn. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú mi dùn láti rí i. Orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ kí n tó mọ̀, ọ̀gá sì ti gbójú sókè. Kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀, ìyá náà ti na ìgò sí mi.

"Gbà á ná, ọma mi," ó ní. "Adérónkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bó o bá ti kọ ọ́ tán, kí o wá kí mi."